Pálọ̀ Àlejò Tàbí Pálọ̀ Ọmọ: Ìjà Lórí Fúláàtì Oníyàrá Méjì

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Ìbàdàn la wà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúláàtì oníyàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: pálọ̀, balùwẹ̀ kan, kíṣìnì tí èèyàn méjì ò lè dúró sí pa pọ̀, àti bákònì tó kọjú sí títì. Ọmọ wa ọkùnrin ti pé ọdún 4. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ oṣù 16, kò sì sí ohun tí kì í gùn. Ìyá ọkọ mi náà máa ń wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. ₦600,000 la yà sọ́tọ̀. Ọkọ mi fẹ́ fi ra àga tuntun àti tábìlì onígíláàsì, ó ní pálọ̀ lojú ilé. Èmi ní yàrá àwọn ọmọ ló kàn, ká ra bẹ́ẹ̀dì alájà méjì fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kan rèé tá a ti ń fà á. Ta ló jàre?

*

Kò sẹ́ni tó jàre nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ kí owó yẹn ṣì jókòó sí báńkì fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ò gba kọ́bọ̀. Lálẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, kí ẹ̀yin àti dádì wọn kúnlẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kanlẹ̀, kí ẹ rákòrò yí gbogbo ilé ká láti ẹnu ọ̀nà dé balùwẹ̀. Ẹ ó fi ara yín rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwa kó dé ilé tí a wà yìí, a ṣe é. Orí eékún ni mo ti rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti já kúrò lára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, etí táìlì tó là tó sì mú bí abẹ, ìṣó tí ẹni tó kó jáde gbàgbé sísàlẹ̀ ògiri, àti ihò kan lábẹ́ síǹkì tí aáyán ń gbà wọlé bí ẹni ń ná ọjà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bá éjẹ́ǹtì wo ilé náà kí a tó sanwó, mi ò rí ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Tó bá di ọ̀rọ̀ fúláàtì, ẹ yí òwe náà padà: ohun tí ọmọ rí lórí ìrákòrò, àgbà tó jókòó sórí sófà ò lè rí i.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé yẹn ni yóò sọ ibi tí owó ń lọ.

*

Ọ̀rọ̀ pálọ̀ ti gbóná o. Mo ti gbọ́ tẹnu gbogbo yín. Àwọn kan gbè sẹ́yìn ọkọ: àlejò ló ń ròyìn ilé, ọmọ tí a bá sì kọ́ dáadáa ò ní fọwọ́ kan nǹkan. Àwọn mìíràn ní ká kó gbogbo àga síta, ká tẹ́ ẹní títí ọmọ á fi wọ iléèwé girama. Ìyá kan tiẹ̀ ní òun máa ń ti pálọ̀ pa ni, àlejò nìkan ló ń wọ ibẹ̀, kọ́rídọ̀ làwọn ọmọ òun ti ń ṣeré.

Mo fẹ́ bi ìyá yẹn léèrè: àlejò mélòó ló ń yà yín lọ́sẹ̀? Tiwa, bó pọ̀ tán, méjì ni, lọ́jọ́ Àìkú, wọn ò sì ní lò tó wákàtí méjì. Yàrá tó tóbi jù nínú ilé tí ẹ ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ wá tì í pa nítorí wákàtí méjì?

Ẹ̀kọ́ ilé ńkọ́? Mo fara mọ́ ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ oṣù 16 ò tíì mọ "má fọwọ́ kàn án". Bí ẹ bá ṣe ń pariwo tó ni eré ọ̀hún á ṣe máa dùn mọ́ ọn tó.

Ẹ rántí bí agbo ilé ṣe rí. Yàrá inú rẹ̀ kéré, ó ṣókùnkùn, ibi orun ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá lọmọ ń gbé lójú mọmọ: ìyá ń gúnyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyá àgbà ń ran òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ojú gbogbo wọn sì wà lára ọmọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde. Fúláàtì gba àgbàlá lọ́wọ́ wa, kò fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ohun tó kù fún yín ni kí ẹ wá ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín rí nínú ilé náà, ìyẹn ilẹ̀ gbalasa kan tí ẹ lè máa rí láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Nínú ilé tí ẹ ṣàpèjúwe yìí, àárín pálọ̀ ni, kò sí ibòmíràn.

Nítorí náà, ẹ ra àga, mi ò kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tò ó sára ògiri méjì péré, bí lẹ́tà L, kí àárín ṣófo. Tábìlì àárín ò wọlé, pàápàá èyí tó jẹ́ onígíláàsì. Èmi náà ní ọ̀kan rí, ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi kejì ń kọ́ ìrìn, ó ṣubú, ó fi ẹnu kọlu etí rẹ̀. Gíláàsì ò fọ́. Eyín ló kán. Lọ́sẹ̀ náà ni mo gbé tábìlì fún àbúrò mi tí kò tíì bímọ nígbà náà. (Ó ti bí báyìí. Òun náà ń wá ẹni tí yóò gbé e fún.) Àpótí ìjókòó kékeré mẹ́ta tó ń wọnú ara wọn ló dípò rẹ̀ nílé wa. Àlejò dé, a fà á jáde. Àlejò lọ, a tì í padà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àga oní-lẹ́dà ayédèrú fún yín. Ooru wa máa ń bó o bí awọ ejò, á máa lẹ̀ mọ́ aṣọ àlejò tí dádì ń tìtorí rẹ̀ jà, ọmọ á sì máa ṣà á jẹ. Ẹ lọ sí Gbági, ẹ yan aṣọ tó nípọn, tó ní àwòrán wẹ́wẹ́, nítorí ọbẹ̀ kì í tètè hàn lára àwòrán wẹ́wẹ́. Kí aránṣọ fi síìpù sí i, kó sì rán an ní ìlọ́po méjì: ọ̀kan lára àga, ọ̀kan lórí okùn ìsáṣọ. Tí ẹ bá ṣe báyìí, ojú àlejò á gbà á, ẹ̀yin náà ò sì ní máa jágbe mọ́ ọmọ nínú ilé tiẹ̀.

*

Ẹnìkan bi mí pé yàrá wo ni kí wọ́n fún àwọn ọmọ. Tó bá ṣe èmi ni, èyí tó tóbi.

Kíá, bàbá kan láti Ìkòròdú ti fèsì pé baálé ilé kì í sun yàrá kékeré. Bàbá, ẹ kú ìnáwó ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú téèpù. Ká ní yàrá ńlá yẹn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12. Fóòmù 6 sí 6 tí gbogbo ìyàwó ń fẹ́ ti gba ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà. Ẹ wá fi wọ́dùróòbù lé e, ẹ fi ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí lé e. Tí ẹ bá gbé nǹkan wọ̀nyí sínú yàrá kékeré, èèyàn á máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbà méjì tí wọ́n ń wọ yàrá láago mẹ́wàá alẹ́, tí wọ́n ń jáde láago márùn-ún ìdájí, kí ni wọ́n ń fi àyè ṣe? Fóòmù 4.5 sí 6 gba èmi àti ọkọ mi. A tiẹ̀ tún sún mọ́ra sí i.

Yàrá ọmọ yàtọ̀. Nínú ilé obìnrin tó béèrè yìí, ènìyàn mẹ́ta ni yóò máa sùn níbẹ̀ tí ìyá àgbà bá wà, aṣọ wọn wà níbẹ̀, ohun ìṣeré wà níbẹ̀. Tí òjò bá sì rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ṣeré.

Ẹni tó ní ọmọ ọwọ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tún lọ́tọ̀. American Academy of Pediatrics, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ní kí ọmọ ọwọ́ máa sùn nínú yàrá òbí rẹ̀ fún oṣù 6 ó kéré tán, ṣùgbọ́n kó jẹ́ lórí ibùsùn tirẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ ìbora tó wú. Apá àkọ́kọ́ yẹn, ìyá Yorùbá ò nílò dókítà kó tó ṣe é. Apá kejì ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Mo sùn ti àkọ́bí mi fún ọdún kan ààbọ̀, mi ò ní parọ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo gbé ibùsùn kékeré onígi ti ara bẹ́ẹ̀dì mi, orun mi sì dára sí i, torí ẹ̀rù pé mo ti sùn lé e mọ́lẹ̀ ò jí mi mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ mú agolo mínírà dání lọ sọ́dọ̀ káfíńtà. Bí agolo náà bá gba àárín igi méjì kọjá, àyè yẹn ti fẹ̀ jù, ọmọ lè yọ ara kọjá kí orí wá há.

*

Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì wàyí. Ibí ni mo ti máa bá ẹ̀yin tí ẹ béèrè jà.

Ọmọ yín àgbà ò tíì pé ọdún 6. Àjọ CPSC tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 ò gbọ́dọ̀ sùn lókè, èmi ò sì rí ìdí tí màá fi bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti Amẹ́ríkà sílẹ̀, ká wo ilé tiwa. Ẹ gbójú sókè. Fáànù ńkọ́? Ọmọ tó bá dìde dúró lórí àjà òkè, ọwọ́ rẹ̀ á tó abẹ́ fáànù tó ń yí. Ẹ wá yọ fáànù kúrò, ooru ńkọ́? Ooru inú yàrá òkè ni í gbé, pàápàá ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí páànù wà lórí rẹ̀ gan-an. Ní oṣù March, ọmọ tẹ́ ẹ bá gbé sókè láago mẹ́jọ, ẹ ó bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí táìlì láago mẹ́wàá. Àwọ̀n ẹ̀fọn náà ńkọ́? Ibo lẹ fẹ́ so ó kọ́ tí fáànù ò fi ní fà á wọlé?

Àwọn tó ní "àwa náà sùn lórí búǹkì nílé ìwé": ọmọ girama ni yín nígbà náà, ẹ ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mo sì mọ ẹni tó já bọ́.

Èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn ni bẹ́ẹ̀dì tí a ń fà jáde. Bẹ́ẹ̀dì kan tó gba fóòmù 3.5 sí 6 wà lókè, gíga rẹ̀ ò ju ti bẹ́ẹ̀dì lásán lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni pákó pẹlẹbẹ kan tó ní táyà wà, òun náà gbé fóòmù tirẹ̀. Lọ́sàn-án, ẹ tì í wọlé, ilẹ̀ á ṣófo fún eré. Lálẹ́, ẹ fà á jáde, ọmọ kékeré á sùn nísàlẹ̀. Bó bá yí bọ́, ínńṣì mélòó kan ló máa fi bọ́ sílẹ̀. Tí ìyá àgbà bá dé, òun ló ni òkè, àwọn ọmọ méjèèjì á pín ìsàlẹ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn kan á sì bo gbogbo wọn. Ẹ ki etí àwọ̀n bọ abẹ́ fóòmù yí po. Ẹ má ṣe jẹ́ kí okùn kankan máa rọ̀ sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọ á tó o.

Ìyá kan láti Peckham, ní London, ní òun ò lè gbé fóòmù sítòsí ilẹ̀ láé, torí ó máa ń hu ẹ̀bu lábẹ́. Òótọ́ ni, ẹ̀rín sì kọ́. Otútù ibẹ̀ máa ń kó omi jọ sára ògiri àti ilẹ̀. Àwa náà ń rí i díẹ̀ lásìkò òjò. Ìdí nìyẹn tí pákó ìsàlẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ní àlàfo láàárín, kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Bí ẹ bá kàn ju fóòmù sórí táìlì, òógùn àti ìtọ̀ ò ní rí ibi gbẹ sí.

*

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sórí igi, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ná mi lówó rí.

Káfíńtà kan ṣe wọ́dùróòbù àti bẹ́ẹ̀dì fún wa. Ó ń dán, funfun báláú, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń béèrè ẹni tó ṣe é. Pákó tí wọ́n fi ẹ̀tù igi lẹ̀ pọ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní MDF. Ọmọ tó ń tọ̀ sílé wà níbẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́jọ tí etí bẹ́ẹ̀dì fi wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi, ìdè tú, ìdí bẹ́ẹ̀dì wọlẹ̀. Nígbà tí mo pe káfíńtà, ó ní, "Màmá, ẹ ò sọ fún mi pé ọmọ yín ń tọ̀." Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún.

Ohunkóhun tí omi tàbí ìtọ̀ lè kàn, igi gidi ni kí ẹ fi ṣe é. Ìrókò lágbára, ikán kì í fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ le, ó sì wúwo. Afàrà fúyẹ́, owó rẹ̀ rọjú, ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni jẹ àkàrà, ẹ gbọ́dọ̀ fi oògùn ikán pa á. Tí ẹ bá pa á, ẹ má gbé e wọ yàrá ọmọ títí òórùn oògùn á fi lọ pátá. Ẹ bá káfíńtà lọ sí ìsọ̀ pákó ní Bódìjà fúnra yín. Ẹ sọ fún un kó sọ gbogbo igun di róbótó, kó fi sáńpépà bó o, kí àtàǹpàkò yín lè yọ̀ kọjá lórí rẹ̀ láìkọsẹ̀.

MDF ò burú fún pẹpẹ ìwé tó wà lókè. Ibẹ̀ ni kó mọ.

*

Dúrọ́ọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n. Mo rí i pé kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á, àfi àwọn tó ń jiyàn lórí bí tẹlifíṣọ̀n ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Lójú ọmọ, dúrọ́ọ̀ jẹ́ àtẹ̀gùn. Ọmọ mi fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ó gun ìkíní, ó gun ìkejì, ni gbogbo àpótí bá tẹ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀dì tó wà níwájú ló gbà á dúró, ni èmi fi ń ròyìn rẹ̀ lónìí láìsunkún. Ní ọdún 2016, lẹ́yìn tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ ti wó pa àwọn ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ IKEA tó ń ta ohun èlò ilé ní láti pe bíi mílíọ̀nù 29 àpótí onídúrọ́ọ̀ padà níbẹ̀. Ẹ má rò pé tiwa ò lè wó torí pé káfíńtà àdúgbò ló ṣe é.

Ẹ dè é mọ́ ògiri. Nǹkan tó máa ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ nìyí: búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wa ní ihò nínú. Ìṣó lásán á wọlé, á dé inú ihò, á máa mì, ọjọ́ tí ọmọ bá fà á ló máa jáde. Kí oníṣẹ́ fi díríìlì lu ògiri, kó ki rọ́bà ìdè wọlé kó tó fi súkúrúù dè é, kó sì fi ọwọ́ fà á gidigidi lójú yín. Òpó kọnkéré àti kọnkéré tó wà lókè fèrèsé ló le jù.

"Lánlọ́ọ̀dù ò gbà ká lu ògiri." Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lu ú, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ máa dí i, ẹ máa kùn ún tí ẹ bá ń kó jáde. Tiwa kọ̀, ó ní ilé òun kì í ṣe asẹ́. Ìgbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀nà là.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé yálé-gbé kò yẹ kéèyàn náwó sí, mo gbọ́. Mi ò náwó sí ilé lánlọ́ọ̀dù ju ọ̀dà àti ihò mẹ́fà lọ. Bẹ́ẹ̀dì, àga, ilẹ̀kùn kíṣìnì, gbogbo rẹ̀ ló ń bá mi kó.

*

Mo ti dárúkọ ilẹ̀kùn kíṣìnì láìṣàlàyé. Níbẹ̀ gan-an ni kí owó yín ti kọ́kọ́ lọ, kì í sì í ṣe owó ńlá.

Káfíńtà á ṣe ilẹ̀kùn kúkúrú kan tó mọ níbàdí yín, ìkọ́ rẹ̀ á wà lẹ́yìn, lápá òkè, níbi tí ọmọ ọdún 4 ò ti lè fọwọ́ tó o. Igi rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lóròó, torí igi tó bá dábùú á di àkàbà. Ẹ ń rí wọn, wọ́n ń rí yín, ọbẹ̀ ń hó, kò sẹ́ni tó dì mọ́ yín lẹ́sẹ̀.

Sílíńdà gáàsì: ìjà ni, ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní inú kíṣìnì ló dáa kí olè má gbé e, àwọn kan ní bákònì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń fà lọ bí omi, ilẹ̀ tí ọmọ yín ń rákò lórí rẹ̀ náà sì ni. Ìta ni mo fẹ́, nínú àpótí onírin tó ní àgádágodo lẹ́nu àti ihò nísàlẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ sì máa ti orí sílíńdà gan-an pa lẹ́yìn ìdáná. Títi ti sítóòfù nìkan ò tó, torí ọmọ fẹ́ràn kó máa yí nǹkan róbótó yẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra gáàsì padà, ẹ fi ìfófò ọṣẹ pa ibi tí rọ́bà ti so. Bó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn.

Bàbá tó ní òun fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sí bákònì "kí ariwo má bàa pọ̀", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Nínú èéfín rẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì wà. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú lórílẹ̀-èdè yìí.

Omi. Bí iná bá dé, a tan ẹ̀rọ kànga, gbogbo garawa inú balùwẹ̀ á kún dé ẹnu. Omi tí kò ju ínńṣì 2 lọ nínú garawa tó láti gbẹ̀mí ọmọ tó fi orí bọ́ sínú rẹ̀, torí orí rẹ̀ ló wúwo jù lára rẹ̀, kò sì lè gbé ara rẹ̀ padà. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni kí ẹ fi pọn omi pa mọ́. Ẹnu rẹ̀ tóóró, ó ní ìdérí, ó ṣeé tò. Garawa ìwẹ̀ tó bá ṣófo, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀.

Kẹrosíìnì ò gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò omi mímu rárá. Bí ọmọ bá sì ti gbé e mu, ẹ má mú un bì, ẹ má fún un ní epo pupa láìka ohun tí ará ilé bá sọ. Epo àti èébì ń ràn án lọ́wọ́ láti gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọsibítù ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni bátìrì pẹlẹbẹ róbótó inú rìmóòtù kékeré: tó bá há sọ́nà ọ̀fun, láàárín wákàtí 2 ó ti lè jó ibẹ̀.

*

Ògiri, kí n tètè sọ ọ́. Ẹ má kun ògiri látòkè délẹ̀ ní ọ̀dà olówó ńlá. Ẹ wo ọsibítù ìjọba àti iléèwé àtijọ́: apá ìsàlẹ̀ ògiri ní ọ̀dà tó ń dán tó ṣeé nù, apá òkè ní ọ̀dà lásán. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹsẹ̀ bàtà 4 láti ilẹ̀ ti tó. Ẹ tún ra pákó pẹlẹbẹ kan, ẹ kùn ún ní dúdú, ẹ kàn án mọ́ ògiri níbi tí ọwọ́ ọmọ á tó, kí ẹ fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ó ṣì máa kọ nǹkan sára ògiri. Ó kàn máa dín kù ni.

Kí akunlé má ha ọ̀dà àtijọ́ nígbà tí ọmọ wà nílé. Òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́, eruku rẹ̀ sì máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Nígbà tí a ti dárúkọ òjé: tìróò tí ìyá àgbà máa ń kùn sójú ọmọ, òjé ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2011, ní Boston, dókítà rí òjé tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan, ìwádìí sì já sórí tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà. Ẹ fi ọgbọ́n sọ fún ìyá àgbà.

*

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní àwọn ti rákòrò, ọkọ òun ni ìṣó gún lọ́wọ́ lábẹ́ fèrèsé, láti ìgbà náà ni kò ti dárúkọ tábìlì onígíláàsì mọ́. Àmọ́ kò yàgò lórí fóòmù 6 sí 6. Ìyá ọkọ òun náà ní òun ò sun bẹ́ẹ̀dì tí bẹ́ẹ̀dì mìíràn wà nínú ikùn rẹ̀.

Ìyá àgbà yẹn, ẹ jẹ́ kó fara kàn án ná. Ìyá tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì ló ti ń sọ fún aládùúgbò pé ibùsùn òun ni.

Fóòmù 6 sí 6: ẹ fún dádì ní yàrá kékeré pẹ̀lú fóòmù rẹ̀, kó yan ibi tó máa gbà wọlé. Kí owó tó jáde, ètò tèmi rèé: ilẹ̀kùn kíṣìnì, àpótí sílíńdà, ìdè ògiri. Lẹ́yìn náà, wáyà nẹ́ẹ̀tì sí bákònì bí ọwọ́ irin rẹ̀ bá jìnnà síra ju ínńṣì 4 lọ. Ẹ sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ irin fèrèsé máa wà lórí ìṣó kan lókè nítòsí, torí iná lè sọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Àga ló kẹ́yìn. Kí owó má bàa tán lọ́nà, ẹ tún aṣọ àga àtijọ́ rán ná.

Ẹ wọn ẹnu ilẹ̀kùn yàrá àti ìyípo àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún káfíńtà. Bẹ́ẹ̀dì tiwa ò wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sùn sórí àtẹ̀gùn, tí àwọn ọmọ ará ilé ń fi ṣeré ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n tó wá rẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.